Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ Yorùbá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àfaradà owó bébà tó ń fi ojoojúmọ́ lọ sókè. Mo ka àròkọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí lórí bí kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbà pé òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí iṣẹ́ ti yí padà mọ́ lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ rí i pé ibi tí ọgbẹ́ náà wà gan-an kọ́ ni òǹkọ̀wé náà fọwọ́ bà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ̀wé sí yín, kí ẹ sì bá mi fi í hàn fún àwọn òǹkàwé yín bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn.

Atẹ̀wé ni mí. Ní ọdún 1979 ni bàbá mi fà mí lé ọ̀gá kan lọ́wọ́ ní Aké, níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, láti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, mo sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí di òní olónìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà òjé la fi ń to ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń lo páànù pẹlẹbẹ dé, kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e, báyìí ó ti di pé oníbàárà lè jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ìbarà kó fi fóònù ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó rẹ̀, kó sì fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún ènìyàn láìtẹ ẹyọ ẹ̀dà kan. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́jọ ni mo ní nígbà kan. Méjì ló kù. N kò ṣọ̀fọ̀ òjé, nítorí ó ń ba ojú jẹ́, eruku rẹ̀ kò sì dára fún ara. Bí iṣẹ́ kan bá lọ, ẹni tí kò bá káwọ́ gbera máa ń rí òmíràn dì mú. Ohun tó ń dùn mí ni pé, bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń dé, èdè wa ló ń kọ́kọ́ já bọ́ lára ẹrù, a kì í sì í yà padà lọ ṣà á. Kò sí ẹ̀rọ tó dìde fúnra rẹ̀ tó ní òun kò fẹ́ Yorùbá. Àwa tí a ń fi owó wa rà á ni a kì í béèrè pé kó gbọ́ ọ.

Àwọn ọ̀dọ́ inú àwọn òǹkàwé yín lè má mọ bí a ṣe ń ṣe é nígbà náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé. Òjé ni wọ́n fi rọ lẹ́tà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó kéré bí eyín ọmọdé, ojú rẹ̀ sì yí padà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ka ìwé nínú dígí. A ó máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí onígi tó ní ihò púpọ̀, a ó máa tò ó sínú irin tó wà lọ́wọ́ òsì wa, ọ̀rọ̀ á di ìlà, ìlà á di ojú ewé. Nínú àpótí tiwa, ọ̀tọ̀ ni ihò e, ọ̀tọ̀ ni ihò ẹ, ọ̀tọ̀ ni ti ẹ́, ọ̀tọ̀ sì ni ti ẹ̀. Ẹ̀ yìí ni kì í pọ̀ tó. Bó bá tán lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá mi kì í gbà kí a fi òmíràn dí àlàfo rẹ̀. Ó ní a gbọ́dọ̀ dúró títí ojú ewé tó ṣáájú yóò fi kúrò lórí ẹ̀rọ, kí a tú u, kí a ṣa ẹ̀ inú rẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ kan tí a ń tẹ ìwé àdúrà fún ìjọ kan, mo ti fi wákàtí méjì jókòó de ẹ̀ ẹyọ kan, sùúrù mi tán, mo fi ẹ́ rọ́pò rẹ̀. Níbi tí ó ti yẹ kí ẹ̀jẹ̀ Jésù wà, ẹ̀jẹ́ Jésù ni mo tò. Ọ̀gá gba ẹ̀dà àkọ́tẹ̀, ó kà á sókè gan-an bí mo ṣe tò ó, ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀jẹ́ wo ni Jésù jẹ́ tí yóò fi wẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ nù?” Gbogbo ilé iṣẹ́ dákẹ́. Ó ní kí n tú u. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé àmì orí lẹ́tà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́.

Ta ló wá fi ẹ̀ sínú àpótí náà? Òyìnbó tó ń rọ òjé ní ìlú rẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀. Ẹnì kan ló béèrè. Ẹnì kan ló kọ̀wé pé irú lẹ́tà báyìí báyìí ni àwọn ènìyàn tí òun fẹ́ tẹ̀wé fún ń lò, tó sì san owó rẹ̀. Ìlú wa yìí wà lára ibi tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti lọ́jọ́ lórí jù ní Nàìjíríà. Ní 1854 ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ti ìjọ CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú ní iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 1859 ni Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n sì ń tà á. Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀; ọdún tó tẹ̀ lé e ni Gẹ̀ẹ́sì tó bá a wọlé. Ó ń jáde títí rògbòdìyàn tí wọ́n ń pè ní ìfọ́lé fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1867, tí àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn kúrò nílùú. Ẹ rò ó wò. Ìlú tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sábẹ́ Olúmọ, ìlú tí ogun ṣì ń ká mọ́, ni ẹ̀rọ tó ṣàjèjì jù lọ nígbà náà wọ̀, èdè ìlú náà ni ẹ̀rọ yìí sì kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn àgbà ìjọ pàdé ní Èkó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, tí ìgbìmọ̀ ìjọba sì tún ìlànà náà ṣe ní 1974. Ojú ẹsẹ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀ rọrùn. Àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n jiyàn, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀.

Mo ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ mi ní 1998, tòkunbọ̀ ni. Inú mi dùn sí i, nítorí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di ti wákàtí mẹ́ta. Àfi ìgbà tí mo fẹ́ kọ orúkọ ara mi tí mo wá bọ́tìnnì ẹ tì. Láti ìgbà náà la ti ń fi ọgbọ́n ṣe é: a ó fi lẹ́tà lásán kọ ọ́, a ó wá fa ilà kéékèèké sábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nǹkan ti dára ju ti ìgbà náà lọ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹbí kan gbé iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn wá, 250 ẹ̀dà. Ọmọ iṣẹ́ mi tò ó dáadáa, èmi fúnra mi sì yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú orúkọ ìyá náà, ẹ̀ méjì ló wà àti ọ̀ kan. A kó o sínú fílááṣì, a gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ àwọ̀ mẹ́rin pọ̀ wà ní Ṣómólú. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ṣí i níbẹ̀ kò ní irú fọ́ńtì, ìyẹn àwòrán lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, tí a lò, ẹni tó sì jókòó nídìí rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni páálí dé, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìsìnkú. Mo ya páálí, mo fa ọ̀kan yọ. Níbi tó yẹ kí ẹ̀ wà, àpótí kékeré olójú mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ó ṣófo bí ojú fèrèsé ilé àwókù. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ iṣẹ́ méjì jókòó yí tábìlì ká, a fi bírò dúdú kọ lẹ́tà wọ̀nyẹn sórí ìwé 250 títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Ẹbí náà gbà á, wọn kò bínú. Ṣùgbọ́n àkọ́bí wọn sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ti yọ àwọn àmì yẹn kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀, kò bá má mú wàhálà dání.” Ènìyàn rere ni, ọ̀nà àti tù wá nínú ló ń wá. Síbẹ̀, orúkọ ìyá tó bí i lọ́mọ ni ó ń sọ pé kí a gé kúrú kí ẹ̀rọ lè rọ́nà lọ. Bí èdè ṣe ń já bọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀; ó kàn ń fa ìdádúró, gbogbo wa sì ń kánjú.

Mo wádìí ohun tó fà á lẹ́nu ọ̀dọ́ kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ó ní gbogbo lẹ́tà ló ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi dá a mọ̀, nínú ìlànà kan tí gbogbo ayé ń lò tí wọ́n ń pè ní Unicode. É ní nọ́ńbà tirẹ̀, è náà ní tirẹ̀, nítorí àwọn ará Faransé ń lò wọ́n. Ẹ àti ọ ní tiwọn, àwọn ará Vietnam náà sì ń kọ ọ́ bí tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ẹ̀, ọ́ àti ọ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà ní láti kọ ẹ ná, kó tó wá gbé àmì lé e lórí. Fọ́ńtì tí kò bá mọ ibi tí yóò gbé àmì náà lé yóò jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan, èyí tí kò bá sì mọ̀ ọ́n rárá yóò ya àpótí. Fọ́ńtì tó mọ̀ ọ́n pọ̀ lónìí, ọ̀fẹ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí a ń gbé kiri, ó kàn sùn síbẹ̀ ni, kò sí ẹni tó jí i. Mo ti bi ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ mi léèrè, wọn kò mọ̀ pé ó wà.

Bí ó bá jẹ́ lórí ìwé ìsìnkú nìkan ni, n kò ní fi gba àyè lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọjà. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ní 2001, kò pẹ́ rárá tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi gbà á mọ́ra, ìdí rẹ̀ sì hàn: ohùn ni ó ń gbé. Ẹni tí kò mọ a, tí kò mọ bí, lè fi bá ọmọ rẹ̀ ní Kánò sọ̀rọ̀ ní ohùn Ẹ̀gbá pọ́nńbélé. Fóònù ìgbà náà gbọ́ Yorùbá nítorí pé àwa la ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, fóònù di báńkì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí wa, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń kọ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ náírà tí owó bébà sì dàwátì, tipátipá ni àwọn tí kò gba owó lórí fóònù rí fi gbà á, nítorí ẹni tí kò gbà á kò tà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ọjà bọ́ sórí ẹ̀rọ tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń ná an kò lè ka ohun tó ń sọ.

Mo wà ní Ìtòkú lọ́jọ́ kan, mo lọ gba àpèjúwe kàlẹ́ńdà lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta àdìrẹ. Ọ̀dọ́kùnrin kan ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ mẹ́fà, ó fi owó ránṣẹ́, ó na fóònù rẹ̀ síwájú, ó ní, “Mọ́mì, ó ti lọ, ẹ wò ó.” Àmì aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀. Fóònù ìyá náà dún, àlẹ́ẹ̀tì wọlé. Ìyá mú un, ó nà án jìnnà sí ojú, ó fà á súnmọ́, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, kò sì gbé aṣọ náà sílẹ̀ lábẹ́ apá rẹ̀. Wọ́n ti fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú gba aṣọ ₦85,000 lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó ní kí ọmọkùnrin náà dúró kí ọmọ tó ń ṣe POS ní ìsàlẹ̀ wá bá òun kà á. Èmi ni mo kà á nígbẹ̀yìn. Owó náà wọlé lóòótọ́, ó pé, kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú oníbàárà náà ti yí padà. Ó gba aṣọ rẹ̀, kò dágbére. Ìyá jókòó, ó ní, “Owó mi wà níwájú mi, n kò dá a mọ̀.” Ẹni tó ti ń ta ọjà láti ìgbà tí ó ti wà lọ́mọge, tó lè fi ojú ṣe ìṣirò gígùn aṣọ láìfi ìwọ̀n kàn án, ni ẹ̀rọ sọ di ẹni tí ń bẹ ọmọ kékeré pé kó bá òun wo iye tí òun ní. Kí ẹ sì má gbàgbé pé ẹni tó ń bá ọ ka àlẹ́ẹ̀tì mọ iye tó wà nínú àpò rẹ. Àwọn nọ́ńbà àṣírí tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́, tí wọ́n á kọ ìkìlọ̀ sí ìdí rẹ̀ pé má ṣe sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìkìlọ̀ náà sí ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní láti fi han ẹlòmíràn kí ó tó lè mọ̀ pé kò yẹ kí òun fi hàn.

Ìyá yìí ló mú mi rántí ọ̀rọ̀ aró. Ìyá ìyá rẹ̀ wà lára àwọn aláró Abẹ́òkúta nígbà tí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì wọlé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò ẹlú àti omi eérú nínú ìkòkò. Ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Àwọn aláṣẹ ìlú ní aṣọ ń bàjẹ́, wọ́n ní kí àwọn aláró dáwọ́ rẹ̀ dúró, àwọn aláró kò sì gbà pé kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ ohun tí àwọn yóò fi re aṣọ fún wọn. Ní 1936, ìjọba ní láti gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lé e lórí. Ohun tó wú mi lórí nínú ìtàn yìí ni pé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, tí púpọ̀ nínú wọn kò wọ iléèwé, lè dúró níwájú ìgbìmọ̀ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ àti ohun tí wọn kò fẹ́ nínú oògùn tuntun, nítorí pé wọ́n mọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Ọmọ-ọmọ wọn kò mọ ohun tó wà nínú fóònù rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í.

Ṣé ó ṣeé ṣe kí báńkì bá a sọ Yorùbá? Ó ṣeé ṣe. Bí ènìyàn bá pe iléeṣẹ́ fóònù láti fi ẹjọ́ sùn, ohùn á ní kí o tẹ nọ́ńbà kan bí Yorùbá lo fẹ́. Mo ti rí ẹ̀rọ ATM tó ń béèrè èdè tí ènìyàn fẹ́ kí ó tó san owó fún un. Àlẹ́ẹ̀tì kò ju ìlà mẹ́rin lọ, ohun kan náà ló sì máa ń sọ: owó báyìí wọlé, láti ọwọ́ ẹni báyìí, iye tó kù rèé. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni atúmọ̀ èdè kan yóò fi parí rẹ̀. Ìdí tí kò fi sí ni pé àwa oníbàárà kò tíì wọ báńkì lọ kí a ní a fẹ́ ẹ.

Àwọn kan yóò sọ pé kí àwọn ìyá wa lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbà pé Gẹ̀ẹ́sì wúlò, mo rán àwọn ọmọ tèmi níléèwé kí wọ́n lè gbọ́ ọ, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin tó ń jí lọ sọ́jà ní aago mẹ́fà àárọ̀ kò ní àkókò tí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀ a-bí-dí kí ó tó lè mọ̀ bóyá wọ́n san owó àdìrẹ rẹ̀. Owó rẹ̀ wà nínú báńkì báyìí, báyìí náà ló sì yẹ kí ó lè kà á.

Ní ti iléèwé, ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀ bíi ti àwọn olùkọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí rèé. Láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò rẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà, WAEC náà sì ti kéde pé òun ń bọ̀ lọ́nà kan náà. Èrè wà níbẹ̀: ìwé ìdánwò kò rọrùn láti jí mọ́, èsì sì ń tètè jáde. Ní 2025, àṣìṣe wọ inú ẹ̀rọ ìdánwò náà, àwọn ọmọ 379,997 ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún gúúsù ìlà-oòrùn ni wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, sì sunkún ní gbangba nígbà tí ó ń tọrọ àforíjì. Àṣìṣe náà jáde síta nítorí pé àwọn ọmọ àti òbí wọn rí èsì, wọ́n lóye rẹ̀, wọ́n sì pariwo pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá aládìrẹ kò lè pariwo lórí ohun tí kò lè kà. Nínú oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun ti wọ́gi lé ìlànà 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí, n kò ní fi bò. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí ó bá wá di ọjọ́ tí ọmọ yóò máa tẹ àròkọ Yorùbá rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, bọ́tìnnì wo ni yóò tẹ̀ fún ọ̀? Ṣé wọn yóò gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àmì tí ẹ̀rọ wọn kò ní? N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè èyí, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ Yorùbá béèrè rẹ̀ báyìí, kí wọ́n tó ra kọ̀ǹpútà náà, nítorí lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á tán, wọn yóò ní owó ti tán.

Àwọn oníbàárà mi ti ń gbé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ AI, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá ọ̀rọ̀ kọ, kọ wá báyìí, oríkì, ìwé ìdúpẹ́, ọ̀rọ̀ ìkíni ọjọ́ ìbí. Àwọn kan dára ju bí mo ṣe rò lọ. Nínú púpọ̀ wọn, àmì ohùn dúró síbi tí kò yẹ, oríkì Ẹ̀gbá sì máa ń dàpọ̀ mọ́ ti ibòmíràn. Ọ̀dọ́ tó ṣàlàyé Unicode fún mi ní kò yà òun lẹ́nu, nítorí ohun tí àwọn ènìyàn kọ sílẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ náà, púpọ̀ nínú Yorùbá tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni a kọ láìsí àmì. Mo dákẹ́ nígbà tí ó sọ ọ́, nítorí mo rántí iye pósítà tí èmi fúnra mi ti tẹ̀ láìfi àmì sí i nígbà tí oníbàárà bá ń kánjú. Ọwọ́ wa ni ẹ̀rọ náà ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá ni ẹ ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lọ tí a fi ìṣọ́ra kọ. Bí ẹ bá ń gbé ẹ̀dà yín àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré, ohun tí ẹ̀rọ yóò rí kọ́ lọ́jọ́ iwájú nìyẹn.

Mo ti bá àwọn atẹ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ pé kí a má gba iṣẹ́ Yorùbá kankan láìsí àmì mọ́, kí a sì máa so fọ́ńtì mọ́ iṣẹ́ kí a tó gbé e jáde nílé. Méjì gbà, àwọn yòókù ní àwọn yóò rò ó. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti ìyá aládìrẹ yóò jọ lọ sí báńkì tó ń lò, a ó sì fi ìwé béèrè pé kí wọ́n máa fi Yorùbá kọ àlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo ti bá a kọ ọ́, ó ti tẹ̀ka sí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní báńkì tirẹ̀.

Láti ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, ilé ìtẹ̀wé mi yóò ṣí sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ fún ọmọ iléèwé tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń tẹ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù, n kò ní gba kọ́bọ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni mo ní. Àpótí lẹ́tà òjé tí ọ̀gá mi fi sílẹ̀ fún mi kí ó tó re ibi àgbà ń rè ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n ó sì gbé e síta kí wọ́n fi ọwọ́ kàn án. Mo ka ihò ẹ̀ lánàá. Mọ́kànlá ló kù níbẹ̀.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ èdè,
Atẹ̀wé kan ní Aké, Abẹ́òkúta